Òpó tí mo máa ń wò láràárọ̀ ní Mọ́síkò

Ọdún mẹ́rin gbáko ni mo fi gbé ní àdúgbò Ostankino, ní apá àríwá ìlú Mọ́síkò lórílẹ̀-èdè Rọ́ṣíà, nígbà tí mo ń kọ́ ìmọ̀ ilé kíkọ́ níbẹ̀. Òpó tẹlifíṣọ̀n àdúgbò náà ni mo fi ń mọ bí ojú ọjọ́ yóò ṣe rí. Bí mo bá ti jí, màá fa kọ́tìnì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí n tó bọ́jú. Bí mo bá rí i láti ìdí dé ṣóńṣó orí, mo ti mọ̀ pé òtútù ọjọ́ náà kò ní ṣeé kò lójú, nítorí nígbà òtútù níbẹ̀, ọjọ́ tí ojú ọ̀run bá mọ́ kedere gan-an ni òtútù máa ń mú jù. Bí ìkùukùu bá bò ó lórí, yìnyín lè já, àmọ́ ara á gbà á. Àǹtí kan tó ń kọ́ iṣẹ́ dókítà ni a jọ ń gbé yàrá. Wọ́n á bi mí látorí bẹ́ẹ̀dì, láìtíì lajú: “Ṣé orí ẹ̀ wà níbẹ̀ lónìí?” Màá ní, “Ó wà níbẹ̀, mà.” Wọ́n á mí kanlẹ̀, wọ́n á wá ẹ̀wù òtútù tó nípọn jù lọ.

540 mítà ni gíga òpó náà. Ọdún 1963 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e ga, wọ́n sì ṣí i ní 1967, ọdún tí ìyípadà tegbòtigaga ọdún 1917 pé àádọ́ta ọdún. Nígbà náà, kò sí ohun mìíràn láyé tó dá dúró fúnra rẹ̀, láìsí okùn tó dì í mú láti ìta, tó ga tó o, títí àwọn ará Toronto ní Kánádà fi kọ́ tiwọn, tó ga ní 553 mítà. Kì í ṣe ẹ̀yẹ nìkan ni wọ́n fi gíga yẹn wá o. Ọ̀nà tààrà ni ìgbì tẹlifíṣọ̀n ń tọ̀, ayé sì rèé, rogodo ló rí. Ẹni tó bá fẹ́ kí àwòrán dé ilé àwọn tó wà lókèèrè, àfi kó gbé àńtẹ́nà rẹ̀ lọ sókè. Òpó àtijọ́ tí wọ́n ń lò ní àdúgbò Shabolovka, èyí tí ẹnjiníà Shukhov yà, tí wọ́n parí ní 1922, kò ga ju nǹkan bí 150 mítà lọ. Ìlú sì ti fẹ̀ kọjá ibi tí ìyẹn lè tó.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gíga rẹ̀ ló mú ọkàn mi. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni.

Nikolai Nikitin ni ẹnjiníà tó yà á. Wọ́n máa ń sọ pé òdòdó lílì tí a dojú rẹ̀ dé ló fi ṣe àwòkọ́ṣe, òótọ́ sì ni pé bí o bá wo ìdí rẹ̀, ó là sí ẹsẹ̀ mẹ́wàá bí ewé òdòdó. Kí n tó mọ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ, mo rò pé ìpìlẹ̀ rẹ̀ á ti wọlẹ̀ bíi kànga. Ó yà mí lẹ́nu nígbà tí olùkọ́ wa sọ pé kò tó mítà márùn-ún. Òpó tó wúwo ju 50,000 tọ́ọ̀nù lọ! Ìwúwo ìsàlẹ̀ rẹ̀ ló ń fi í múlẹ̀, bí odó ṣe ń dúró.

Ti inú rẹ̀ ló wá dùn mọ́ mi jù. Kọnkéré lágbára púpọ̀ bí a bá ń tẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n bí a bá ń fà á, kíá ló máa là. Ìjì tó bá sì kọlu òpó gíga á tẹ̀ ẹ́, apá kan á sún kì, apá kejì á máa fà. Nikitin wá ní kí wọ́n ta nǹkan bí 150 okùn irin láti òkè ọwọ̀n kọnkéré náà wá sí ìsàlẹ̀, nínú lọ́hùn-ún, kí wọ́n sì fà wọ́n le. Ronú ìlẹ̀kẹ̀ tí a sín sórí okùn. Bí okùn bá dẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ á rọ̀ jọwọrọ. Fa okùn náà dáadáa, ìlẹ̀kẹ̀ á nà tantan bí ọ̀pá. Bí mo ṣe gbọ́ èyí, mi ò gbọ́ ìyókù ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà mọ́. Ìlẹ̀kẹ̀ ni mo ń rò.

Òpó náà ṣì máa ń mì o. Kódà bí oòrùn bá ń pa á lápá kan, kọnkéré apá ibẹ̀ á gbóná, á wú díẹ̀, orí òpó á sì rọra tẹ̀ sí apá tó wà lábẹ́ òjìji.

Ọdún kẹta mi ni èmi àti Àǹtí tó gòkè rẹ̀. Wọ́n yẹ pásípọ̀ọ̀tù wa wò kí wọ́n tó jẹ́ ká wọlé. Lífíìtì ń sáré ní mítà méje láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, etí mi dí lẹ́ẹ̀mejì. Ní 337 mítà, gíláàsì wà níbi kan nínú ilẹ̀ tí èèyàn lè dúró lé, kó máa wo ìsàlẹ̀. Àǹtí kọ̀ jálẹ̀. “Ìwọ tóo mọ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ, máa lọ. Ẹsẹ̀ tèmi ò ní tẹ gíláàsì yẹn.” Mo dúró lé e. Ọkọ̀ rí bí èèrà lábẹ́ bàtà mi. Níbi gíga bẹ́ẹ̀, ojú lè ríran dé nǹkan bí kìlómítà 65 bí ojú ọjọ́ bá mọ́, ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ ìgbì tó ń tọ ọ̀nà tààrà wá yé mi délẹ̀délẹ̀.

Ìyá àgbà tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ilé wa ló sọ ti iná tó jó òpó náà fún mi. Ọjọ́ 27 oṣù kẹjọ ọdún 2000 ni, òkè 450 mítà ló ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní èéfín ni àwọn kọ́kọ́ rí, tẹlifíṣọ̀n wá dákẹ́, ìkànnì kan tẹ̀ lé òmíràn. Ó ju ọjọ́ kan lọ kí iná tó kú. Àwọn panápaná ń fi ẹsẹ̀ gun àtẹ̀gùn tóóró pẹ̀lú ẹrù lọ́wọ́. Èèyàn mẹ́ta ló kú: ọ̀gá panápaná kan, obìnrin tó ń tu lífíìtì, àti òṣìṣẹ́ kan tó ń tún ẹ̀rọ ṣe. Ìyá náà fi ọwọ́ nu ojú wọn nígbà tí wọ́n dé ibẹ̀, èmi náà dákẹ́.

Ooru iná náà ba ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn okùn irin wọ̀nyẹn jẹ́. Síbẹ̀ òpó kò wó. Wọ́n ta okùn tuntun sínú rẹ̀. Mi ò lè kọjá níbẹ̀ mọ́ lẹ́yìn náà kí n má rántí àwọn mẹ́ta yẹn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí mo kúrò, mo fa kọ́tìnì, mi ò rí nǹkan kan. Kùrukùru ti bo gbogbo rẹ̀. Àǹtí ti lọ sí ọsibítù látòru, kò sẹ́ni tó bi mí léèrè orí rẹ̀. Takisí gba ojú pópó Korolyov, mo ní kí awakọ̀ jọ̀ọ́ rọra. Ẹsẹ̀ òpó nìkan ló hàn, funfun, ó ń wọ inú kùrukùru lọ. Mo ń bojú wẹ̀yìn títí a fi yà.