Bọ́ọ̀lù Mànàmáná tí Wọ́n Dá ní Recife

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo ti ń ka ohun tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kọ nípa bọ́ọ̀lù mànàmáná, ìyẹn iná roboto tí àwọn ènìyàn máa ń rí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan nígbà tí àrá bá ń sán, tí yóò léfòó káàkiri fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan kó tó pòórá. Nínú gbogbo àwọn tó ti gbìyànjú láti dá irú rẹ̀ nínú yàrá ìwádìí, àwọn ará Recife ní Bùràsíìlì ni mo fún ní ipò kìn-ín-ní. Ti Tel Aviv ní Ísírẹ́lì ní ọdún 2006, tí wọ́n fi ìgbì máíkíróweefu ṣe, dùn ún wò, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti pa ẹ̀rọ báyìí, kì í pẹ́ tí iná náà fi ń kú.

Láti Nìú Sílándì ni àbá tí àwọn ará Recife tẹ̀ lé ti wá. Ní ọdún 2000, John Abrahamson àti James Dinniss ní Yunifásítì Canterbury sọ pé bí àrá bá sán lu ilẹ̀, kábọ́ọ̀nù inú erùpẹ̀ lè gba ọ́síjìn kúrò lára iyanrìn, kí sílíkọ́nì, èròjà tó ṣẹ́ kù lára iyanrìn náà, sì rú jáde bí èéfín. Bí èéfín náà bá ti ń tutù, yóò di eruku tín-tìn-tín tó so kọ́ra bí òwú, tí yóò sì máa jó díẹ̀díẹ̀ nínú afẹ́fẹ́.

Ní 2007, Antônio Pavão àti Gerson Paiva ti Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ ní Pernambuco, ìpínlẹ̀ tí Recife wà, gbé èsì tiwọn jáde. Wọ́n mú pẹlẹbẹ sílíkọ́nì, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe inú kọ̀ǹpútà, tí kò nípọn tó ìdajì mìlímítà, wọ́n fi iná ẹ̀lẹ́tíríìkì tó lè tó 140 áńpíà gba inú rẹ̀ kọjá láàárín ọ̀pá onírin méjì, wọ́n sì rọra fa àwọn ọ̀pá náà kúrò lára ara wọn títí iná fi tàn yòò ní àlàfo tó wà láàárín wọn. Bọ́ọ̀lù kéékèèké tó mọ níwọ̀n bọ́ọ̀lù tẹníìsì orí tábìlì ló fò jáde, tí wọ́n ń yí gbirigbiri nílẹ̀, tí wọ́n ń ta sókè, tí wọ́n ń fa èéfín tó lọ́ mọ́ra lẹ́yìn. Òmíràn lo ìṣẹ́jú àáyá mẹ́jọ. Ọ̀kan tilẹ̀ dá ihò sí ṣòkòtò jíǹsì Paiva. Ìlú tí wọ́n ti ń pe ẹ̀sìn òrìṣà lódindi ní Xangô, ìyẹn Ṣàngó tiwa, ni èyí ti ṣẹlẹ̀, n kò sì mọ ibi tí ìbá tún yẹ ẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ohun tó ti Recife lẹ́yìn ni ti Ṣáínà. Ní 2012, àwọn olùwádìí láti Lanzhou ń ya àwòrán mànàmáná ní Qinghai nígbà tí bọ́ọ̀lù kan yọ níbi tí àrá ti lu ilẹ̀, ní nǹkan bí 900 mítà sí wọn. Ẹ̀rọ wọn pín ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sí àwọ̀ àwọ̀ bí òṣùmàrè, wọ́n sì bá àmì sílíkọ́nì, irin àti kálísíọ̀mù níbẹ̀, bí ẹni pé erùpẹ̀ gan-an ló ń jó.

Síbẹ̀, ilẹ̀ ni bọ́ọ̀lù Recife ń yí lé, nígbà tí àwọn tó rí ti ìgbà òjò sọ pé ó ń léfòó, tí àwọn mìíràn sì búra pé ó gba ara gíláàsì fèrèsé wọlé láì fọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ gíláàsì yìí ni n kò tíì rí ẹni tó fi eruku sílíkọ́nì ṣàlàyé rẹ̀ tó tẹ́ mi lọ́rùn.