Páìpù òjé tó wọ inú ọgbà: owó ta ni?

Ní Amẹ́ríkà, páìpù tó ń gbé omi láti ojú títì wọlé sábà máa ń jẹ́ ti ẹni méjì: ti ìta jẹ́ ti iléeṣẹ́ omi, ti inú ọgbà jẹ́ ti onílé. Ibẹ̀ ni wàhálà wà bí páìpù náà bá jẹ́ ti òjé (lead), tó jẹ́ májèlé. Bí iléeṣẹ́ omi bá pààrọ̀ tirẹ̀ nìkan torí onílé ò lówó, gígé tí wọ́n gé páìpù á mi èyí tó kù, òjé á bọ́ sínú omi. Bàbà tuntun tí wọ́n so mọ́ òjé àtijọ́ á tún jẹ́ kí òjé náà máa jẹrà kíákíá.

Newark ní New Jersey fi owó ìlú yanjú rẹ̀. Lọ́dún 2019, wọ́n rí 120 mílíọ̀nù dọ́là yá nípasẹ̀ Essex County, wọ́n pààrọ̀ ti inú ọgbà lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n sì ṣòfin pé kò dìgbà tí onílé bá fọwọ́ síwèé. Ó bọ́gbọ́n mu. Ọ̀pọ̀ onílé kì í gbé inú ilé tí wọ́n ní níbẹ̀.

Ẹ fẹ́ mọ tiyín? Ẹ fi kọ́kọ́rọ́ ha páìpù níbi tó ti wọlé, ṣáájú mítà. Bó bá rọ̀, tó ń dán bíi fàdákà, tí òòfà ò lẹ̀ mọ́ ọn, òjé ni. Bí òòfà bá lẹ̀, irin ni.

Lẹ́yìn ìpààrọ̀, ẹ tú asẹ́ kékeré tó wà lẹ́nu ẹ̀rọ omi, kí ẹ ṣí omi tútù sílẹ̀ fún 30 ìṣẹ́jú ó kéré tán. Ẹ fi asẹ́ tó ń yọ òjé sẹ́ omi mímu fún oṣù 6. Síse omi kì í yọ òjé o.