Gbé-Mi-Dìde Tí Kò Lè Dìde

Nígbà tí mo ń kàwé ní Padova ní Ítálì, ilé ìyá àgbàlagbà kan, ọmọ Treviso, ni mo ń gbé. Màmá ni mo ń pè wọ́n. Nígbà tí mo kọ́kọ́ pè wọ́n bẹ́ẹ̀, wọ́n bi mí ìgbà wo ni àwọn bí mi. Nígbà tó yá, wọ́n ń jẹ́ ẹ.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, Màmá ń retí àlejò, wọ́n sì fẹ́ ṣe tiramisù, oúnjẹ dídùn kan tí àwọn ará Ítálì ń jẹ. Ìtumọ̀ orúkọ yẹn ni "gbé mi dìde." Bí Màmá bá ń pìtàn rẹ̀, ẹ ó rò pé àwọn ni wọ́n bí i: ilé oúnjẹ Le Beccherie ní Treviso, ọdún 1972, Alba Campeol àti ọkọ rẹ̀ Ado tí wọ́n ni ibẹ̀, àti Roberto Linguanotto tó ń bá wọn ṣe oúnjẹ dídùn. Wọ́n ní nígbà tí Alba bímọ, ìpupa ẹyin tí wọ́n fi súgà pò ni ìyá ọkọ rẹ̀ ń fún un kí ara rẹ̀ lè tètè mókun, ibẹ̀ ni ọgbọ́n náà ti yọ. (Ní tiwa, omi gbígbóná ni. Kálukú àti ìyá ọkọ tiẹ̀.) Ẹ má dábàá ọtí níwájú Màmá o. Le Beccherie kò da ọtí sí i, ta ni yóò wá da ọtí sí i nílé àwọn?

Màmá ti po ìpupa ẹyin 6 mọ́ súgà, wọ́n ti ro mascarpone, wàrà wọn tó ki yẹn, mọ́ ọn, ni wọ́n bá rántí nǹkan kan lọ́jà. "Ṣáà ki bisikíìtì bọ kọfí, kí o tò ó. Kò le."

Savoiardi ni wọ́n ń pe bisikíìtì náà. Ó gùn bí ìka ọwọ́, ó gbẹ táútáú, súgà rí wótowòto lẹ́yìn rẹ̀. Bí ó bá ti kan kọfí báyìí, kí o yọ ọ́ ni. Ta ló sọ fún mi? Nílé wa ní Oǹdó, ẹni tó ki búrẹ́dì bọ tíì tó sì yọ ọ́ wéré, kò tíì mọ búrẹ́dì í jẹ. O ní láti jẹ́ kó mu ún yó. Ni mo bá da gbogbo ọgbọ̀n rẹ̀ sínú kọfí bí ẹni rẹ gààrí, fóònù sì dún.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni. Ẹ̀yin náà mọ ẹ̀gbọ́n obìnrin.

Nígbà tí mo padà dé, kò sí kọfí mọ́. Bisikíìtì ti wú bí ẹni tó sùn sábẹ́ òjò. Mo mú ọ̀kan, ó já sí méjì lọ́wọ́ mi, ó dún pọ̀tọ̀. Mo wá ìpọnbẹ̀, mo ń bù ú sínú àwo, mo ń da ti Màmá lé e. Mo wá fi asẹ́ ku kòkó bò ó. Ọmọ àgbẹ̀ kòkó ni mí, n kò lè ṣahun kòkó. Àṣírí bò. Mo gbé e sínú fíríìjì.

Lálẹ́, aládùúgbò wa dé, ìyá kan láti Tolmezzo ní Friuli. Òun àti Màmá ti ń jà lórí tiramisù tipẹ́: ó ní òtẹ́ẹ̀lì kan nílùú àwọn, tí Norma Pielli ti ń ṣe é láàárín ọdún 1950 sí 1960, ló ni ín. Nígbà tí ìjọba Ítálì kọ ọ́ mọ́ oúnjẹ ìbílẹ̀ Friuli lọ́dún 2017, Màmá kò kí i fún odidi ọ̀sẹ̀ kan.

Màmá ki ọ̀bẹ bọ̀ ọ́. Ọ̀bẹ lọ, ibi tí ó gbà padé. Wọ́n fi ṣíbí bù ú, omi pupa ṣàn yí àwo ká. Àlejò kan fẹ́ yìn mí, ó fa èémí, kòkó sì bá a dé ọ̀nà ọ̀fun. Ikọ́ tó wú, gbogbo rẹ̀ bà lé bùláòsì funfun Màmá.

Gbogbo ilé pa lọ́lọ́. Ìyá Tolmezzo gbé ṣíbí sílẹ̀.

"Mo ti gbà," ni wọ́n wí. "Treviso ló ti wá."

"Rárá o!" Màmá ń nu àyà wọn. "Tolmezzo ni. Ó wà nínú ìwé ìjọba."

Àwọn méjèèjì bá yíjú sí mi. Ó jọ pé Oǹdó ni wọ́n ń dá a padà sí.