Ohun tí mo rí lóko lẹ́ńtìlì ní Saskatchewan

Tẹ́ ẹ bá gúnlẹ̀ sí Regina, olú ìlú ìpínlẹ̀ Saskatchewan ní Kánádà, lóṣù August, tẹ́ ẹ wá gba títì Moose Jaw lọ sí Swift Current, ẹ máa rí i pé ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́ rẹrẹ, oko lọ́tùn-ún, oko lósì, títí tójú ń wò ó dé. Wíìtì lọ̀pọ̀ èèyàn máa ń rò tí wọ́n bá ti dárúkọ Saskatchewan, wíìtì náà sì wà ńbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ lẹ́ńtìlì ló gbé mi lọ, ẹ̀wà pẹlẹbẹ kékeré tí Jékọ́bù fi ra ogún ìbí lọ́wọ́ Ísọ̀ nínú Bíbélì yẹn. Kò sí orílẹ̀-èdè tó ń tà á sókè òkun tó Kánádà, agbègbè yìí lèyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀ sì ti ń wá.

Bàbá àgbẹ̀ tó gbà mí lálejò mú mi wọnú oko, mo ní láti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí n tó rí èso, torí igi ẹ̀ ò ga, èèpo tó gbé hóró kan tàbí méjì sínú sì sún mọ́ ilẹ̀ gan-an. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń yí róló ńlá lórí ilẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá gbìn ín tán, kí òkúta lè wọlẹ̀, kí ọ̀bẹ ẹ̀rọ ìkórè má bàa kán.

Bàbá ní nígbà táwọn ṣì kéré, wíìtì ni gbogbo ayé ń gbìn, ọdún tí wọn ò bá gbìn ín, wọ́n á kàn fi ilẹ̀ sílẹ̀ lófìfo kí omi lè pọ̀ nínú ẹ̀. Wíìtì wá pọ̀ jù lọ́jà débi pé lọ́dún 1970 ìjọba ń sanwó fáwọn àgbẹ̀ kí wọ́n má gbìn ín. Ẹ gbọ́ ná, kí wọ́n sanwó fún àgbẹ̀ kó má dáko! Ọdún 1972 ni Yunifásítì Saskatchewan gba onímọ̀ ọ̀gbìn kan, Al Slinkard, wá láti Amẹ́ríkà, nígbà tó fi máa di 1978 ó ti gbé irú lẹ́ńtìlì kan jáde tí wọ́n pè ní Laird, làwọn àgbẹ̀ bá ń gbìn ín sórí ilẹ̀ tó máa ń ṣófo tẹ́lẹ̀ yẹn. Bakitéríà tó wà nínú gbòǹgbò ẹ̀ ń fa náítírójìn, oúnjẹ tí irúgbìn nílò kó tó lè dàgbà, látinú afẹ́fẹ́, torí ẹ̀ ajílẹ̀ tí wọ́n ń rà dín kù, wíìtì tó bá tẹ̀ lé e náà á jàǹfààní.

Ọjà ẹ̀ wà ní Íńdíà, Tọ́kì, Bangladesh, Algeria, ọkọ̀ ojú irin ló ń gbé e kọjá òkè dé èbúté Vancouver. Ọjà tó jìnnà báyẹn ló ń bọ́ wọn, òun náà ló sì lè gbé wọn ṣubú. Ní December 2017, Íńdíà gbé owó orí lé lẹ́ńtìlì tó ń wọlé, ó lé ní ìdá ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún, bẹ́ẹ̀ Íńdíà wà lára oníbàárà wọn tó tóbi jù. Ìyá, ìyàwó Bàbá, ṣì ń sọ̀rọ̀ ẹ̀ bí ẹni ń sọ ọ̀rọ̀ ọ̀fọ̀, pé àká irin kún, foonu ò dún.

Ohun tó wú mi lórí jù ni ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń bó lẹ́ńtìlì pupa tí wọ́n sì ń là á sí méjì, nínú ìlú kékeré kan tí mo yà sí. Ẹ̀rọ tó ní kámẹ́rà ń yẹ hóró wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, afẹ́fẹ́ á sì fẹ́ èyí tó bàjẹ́ dànù. Murad Al-Katib, ọmọ ìlú Davidson ní Saskatchewan, táwọn òbí ẹ̀ ti Tọ́kì wá, ló dá irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ ní Regina lọ́dún 2001, kí wọ́n má máa kó hóró lásán ránṣẹ́ káwọn ẹlòmíì wá jẹ èrè iṣẹ́ bíbó. Lójú tèmi, ibi tí àǹfààní ọ̀rọ̀ yìí wà gan-an nìyẹn. Oko tóbi, ẹ̀rọ pọ̀, èèyàn díẹ̀ ló ń dá a, àfi bí iṣẹ́ bá wà nínú ìlú làwọn ọ̀dọ́ á fi dúró, tí ilé ìwé á fi lọ́mọ.

Tí owó bá wá dáa, ó máa ń wu àgbẹ̀ kó gbìn ín léraléra, ewu ńlá sì nìyẹn. Àrùn kan ń jẹ́ Aphanomyces, ó ń mú kí gbòǹgbò rà, ó lè wà nínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò sì sí oògùn tó ń lé e kúrò pátápátá. Àwọn onímọ̀ ní kí wọ́n fi ọdún 6 sí 8 sáàárín kí lẹ́ńtìlì tó padà sórí ilẹ̀ tó bá ti ní in. Ọmọ Bàbá obìnrin, tó ń bá wọn ṣe oko, fi apá ibì kan hàn mí tí ewé ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ó ní ṣíkípíì, irú ẹ̀wà míì (chickpea), ló máa bọ́ síbẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀ torí àrùn náà kì í fi bẹ́ẹ̀ rí i mú. Bàbá fẹ́ fi ọdún kan sí i gbìyànjú lẹ́ńtìlì, ọmọ ẹ̀ ní rárá, wọ́n sì ṣì ń jiyàn ọ̀rọ̀ náà nígbà tí mo fi ń kúrò.