Òjìji Ni Kí Ẹ Máa Wá: Ẹ̀kọ́ Tí Mo Kọ́ Lára Ẹja Eléegun

Ẹ̀yin àbúrò mi tí a jọ ń kọ́ bí a ṣe ń ju okùn ìpẹja ní pápá ilé ẹ̀kọ́ ní Iléṣà ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, ọ̀kan nínú yín ń lọ ṣiṣẹ́ ní Bahamas lóṣù tó ń bọ̀. Ó ní kí n kọ ohun tí mo mọ̀ nípa ẹja eléegun (bonefish) sílẹ̀ kí òun lè máa kà á nínú bàálù. Gbogbo yín ni mo kọ ọ́ sí, torí ìbéèrè kan náà ni gbogbo yín ń bi mí: kí ló dé tí èèyàn á mú ẹja, tí á tún dá a padà sómi láìjẹ ẹ́?

Ọdún mẹ́ta ni mo fi ṣe olùkọ́ ní Andros, erékùṣù tó tóbi jù lọ ní Bahamas. Láti Ajé dé Ẹtì, ìṣirò ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ wọn. Tó bá di Sátidé, màá wọ kayak, ọkọ̀ kékeré elénìyàn kan tí wọ́n fi ike ṣe, màá tù ú lọ síbi tí òkun ti tẹ́ lọ rẹrẹ, tí omi rẹ̀ kò sì ju orúnkún lọ. Ẹ má rò pé irú òkun tí ẹ rí ní Lẹ́kí ni. Ìgbì kò sí níbẹ̀. Iyanrìn funfun ni, koríko inú omi, àti igi ẹ̀gbà tí gbòǹgbò wọn dúró lórí omi bí ẹsẹ̀ akàn. Tí òkun bá ti ń kún, ẹja eléegun á gun orí ilẹ̀ yẹn wá jẹ edé àti akàn wẹ́wẹ́.

Ẹja náà kò tóbi. Kílò kan sí méjì ni èyí tí mo sábà máa ń rí. Eegun tó kún inú ẹran rẹ̀ ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ, àwọn ará ibẹ̀ sì fẹ́ràn rẹ̀ débi pé méjì rẹ̀ ló wà lórí owó ẹyọ sẹ́ńtì mẹ́wàá wọn. Albula vulpes làwọn onímọ̀ ń pè é. Linnaeus ló fún un ní vulpes yẹn ní 1758, ìtumọ̀ rẹ̀ lédè Látìnì sì ni kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀. Ẹni tó bá ti sin adìẹ ní abúlé rí yóò mọ̀ pé orúkọ náà bá a mu: o ò ní rí i nígbà tó ń bọ̀, ibi tó ti ń sá lọ lo máa rí.

Oṣù mẹ́rin àkọ́kọ́, n ò mú ẹyọ kan. Mo ń rò pé ọwọ́ mi ni kò dáa, mo wá ń ju okùn lójoojúmọ́ lẹ́yìn ilé bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́. Bàbá àgbàlagbà kan ládùúgbò, tó ti ń mú àlejò lọ pẹja láti ìgbà èwe rẹ̀, ló bá mi jáde lọ́jọ́ kan. Ó wò mí fún bí wákàtí kan, kò sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ọmọ mi, ẹja lò ń wá, o ò sì lè rí ẹja. Òjìji rẹ̀ ni kí o máa wá."

Ìpẹ́ ara ẹja yìí dà bíi dígí. Tó bá wà lórí iyanrìn, àwọ̀ iyanrìn ni ara rẹ̀ ń gbé jáde; tó bá wà lórí koríko, á di koríko. Ṣùgbọ́n òjìji tí oòrùn ń sọ sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ kò lè yí padà. Ẹ̀yìn yín ni kí oòrùn wà. Ẹ lo jígí ojú tí wọ́n ń pè ní polarised, tó ń pa ìtànṣán ojú omi, èyí tí àwọ̀ rẹ̀ pọ́n bí oyin ló bá omi yẹn mu. Ẹ má wo ojú omi, ìsàlẹ̀ ni kí ẹ wò. Nígbà mìíràn, òjìji gan-an kò ní hàn: omi á kàn rú fùú níbi tó ti ń fi ẹnu tú ilẹ̀, tàbí kí ìrù rẹ̀ yọ síta, kó máa dán, torí pé ó ti dorí kodò nínú omi tí kò tó bò ó. Tí ìkùukùu bá bo oòrùn, ẹ sinmi. Kò sí ohun tí ẹ lè ṣe sí i.

Àwa ọmọ Obòkun mọ ìtàn ojú àti òkun. Torí ojú Odùduwà tó fọ́ ni Ajíbógun, baba ńlá àwa Ìjẹ̀ṣà, fi rin ìrìn àjò yẹn, tó sì bu omi òkun wálé láti fi wò ó. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí òjìji mẹ́ta tí wọ́n tò tẹ̀ lé ara wọn kọjá lórí iyanrìn, òun ni mo rántí, omi sì bọ́ lójú mi.

Ẹ dúró de ẹja, ẹ má lé e kiri. Tí ẹ bá ti rí ibi tí omi ń gbà wọlé, ẹ gún ọ̀pá mọ́lẹ̀, ẹ so ọkọ̀ mọ́ ọn, kí atẹ́gùn má gbé yín lọ. Ẹ rántí àwọn bàbá wa Òṣómàáló tó ń ta aṣọ láwìn, bí wọ́n ṣe ń ṣóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí owó á fi jáde. Ṣíṣóṣòó yẹn gan-an ló wúlò, torí tí ẹja bá ti sún mọ́ yín, ẹni tó bá nàró ni yóò kọ́kọ́ rí.

Jíjù wá ńkọ́? Ogójì ẹsẹ̀ bàtà nínú atẹ́gùn tó. Ìdí nìyẹn tí taya tí a ń ju okùn sí ní pápá kò fi jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ, bó ti wù kí ẹ ráhùn tó. Ìdẹ náà kò wúwo rárá, irun àti okùn dídán ni wọ́n dì mọ́ ìwọ̀. Okùn tó nípọn ló ń gbé e lọ. Ìdẹ tí wọ́n ń pè ní Crazy Charlie, Andros náà ló ti jáde. Ojú rẹ̀ tí wọ́n fi ìlẹ̀kẹ̀ irin ṣe ló ń mú kí ẹnu ìwọ̀ kọjú sókè, tí kò fi ní há mọ́ koríko. Iwájú ẹja ni kí ó bọ́ sí, bíi mítà méjì. Tó bá bọ́ lé e lórí, ó ti lọ nìyẹn.

Àṣìṣe tó dùn mí jù níbẹ̀, láti ilé ni mo ti gbé e lọ. Nínú odò wa níbí, ọ̀pá ọparun la fi kọ́ ìwọ̀: tí ẹja bá ti fà á, a ó já a sókè. Mo já a sókè fún ẹja eléegun ní ìgbà mẹ́fà, ìwọ̀ sì jáde lẹ́nu rẹ̀ ní ìgbà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ẹ jẹ́ kí orí ọ̀pá kọjú sí ẹja, kí ẹ fi ọwọ́ òsì fa okùn gbọọrọ. Nígbà tí mo mú ẹ̀keje, ó sáré débi pé gbogbo okùn tó wà nílẹ̀ fò sókè, ó lọ́ mọ́ àjẹ̀ ọkọ̀ mi, ó já. Láti ọjọ́ yẹn, mo máa ń fi aṣọ ìnura bo gbogbo ohun tó yọrí nínú ọkọ̀ kí n tó ju okùn.

Ó ku èyí tí mi ò fẹ́ràn láti sọ. Ẹja kẹjọ ni mo gbé dé ọwọ́. Inú mi dùn, mo gbé e sókè kí n ya fọ́tò, fóònù bọ́, mo tún un mú, mo tún ya òmíràn. Nígbà tí mo dá a padà sómi, kò lè dúró ṣánṣán, ó ń yí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Kò lọ ju mítà mẹ́wàá lọ tí àkùrákùdà kékeré kan fi dé, omi sì pọ́n. Bàbá yẹn kò bá mi wí. Ó kàn yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ìyẹn sì burú ju ìbáwí lọ.

Ẹ̀yin máa ń bi mí pé kí ló dé tí èèyàn á mú ẹja tí kò ní jẹ. Ẹja yẹn ni bàbá náà fi tọ́ ọmọ márùn-ún. Owó asue, ìyẹn èsúsú wa tí àwọn baba ńlá wọn gbé dé ibẹ̀, ló fi ra ẹ́ńjìnnì ọkọ̀, owó àlejò tó wá torí ẹja ló sì fi ń dá asue náà. Láti 2017 ni òfin ti ní kí àlejò gba ìwé àṣẹ kó tó pẹja níbi tí òkun ti tẹ́ lọ rẹrẹ yẹn. Ìwọ tó ń lọ, gbà á kí o tó ju okùn rárá. Tẹ ẹ̀gún ẹ̀yìn ìwọ̀ mọ́lẹ̀ kó lè yára yọ. Fi omi rẹ ọwọ́ kí o tó dì í mú. Jẹ́ kí ẹja wà nínú omi bí o ṣe ń tú u, tí o bá sì rí àkùrákùdà tàbí kúta (barracuda) nítòsí, já okùn, jẹ́ kó máa lọ.

Ní Sátidé yìí, a ò ní dúró lórí ẹsẹ̀ ju okùn mọ́. Mo ti gbé àpótí ìdáná mi sí pápá, torí bẹ́ẹ̀ gan-an ni ìjókòó kayak ṣe relẹ̀ tó. Orí rẹ̀ ni a ó ti máa jù ú sí taya, kí ọwọ́ wa tó kọ́ bí okùn kò ṣe ní máa gbá koríko lẹ́yìn.