Kébù ni mo yàn fún CG mi

Mo ti pinnu lónìí. Kébù, ìyẹn wáyà tó ń fa kílọ́ọ̀ṣì (ohun tó ń já ẹ́ńjìnnì kúrò lára jíà tí a bá fi ọwọ́ òsì fà á), ni máṣìn CG mi yóò máa lò lọ. Kílọ́ọ̀ṣì háídírólíìkì, èyí tó ń fi ọ́ìlì ṣiṣẹ́ dípò wáyà, tí ọ̀gá mẹkáníìkì mi ti dì sínú ọ̀rá dè mí láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo ní kó tà á fún ẹlòmíì. Ọ̀rọ̀ yìí ti gbé mi lọ gbé mi bọ̀, mo sì fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ kí n tó gbàgbé bí mo ṣe rò ó.

Honda CG125 ni máṣìn náà. Mo ti gbé hándù tó fẹ̀ tó sì ga ju ti tẹ́lẹ̀ sí i, mo fi bíréèkì dísìkì síwájú, mo sì pààrọ̀ sípíríǹgì kílọ́ọ̀ṣì sí èyí tó le díẹ̀ nítorí ẹrù tí mo máa ń gbé lọ sí Omù-Àrán. Látìgbà náà ni kílọ́ọ̀ṣì ti ń fìyà jẹ ọwọ́ òsì mi. Tí mo bá gba Ọ̀fà Gáráàjì wọ ìgboro nírọ̀lẹ́, tí Márúwá àti ọ̀kadà ti dí ọ̀nà pa, fà á, jù ú sílẹ̀, tún fà á, kí n tó dé Ọjà Ọba ìrora náà á ti gùn mí dé ìgúnpá. Ọ̀gá rí i. Ó ní, "Àáfà, ẹ jẹ́ ká gbé háídírólíìkì sí i. Ìka kan péré lẹ ó máa fi fà á."

Ara máṣìn ńlá kan tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti kú ló ti yọ ọ́. Ó dára lójú. Páìpù rẹ̀ kò sán, ike tí ọ́ìlì ń wà sì mọ́ gaara. Mo gbé e lọ́wọ́, mo fà á, ó wù mí.

Ṣùgbọ́n ọ́ìlì fúnra rẹ̀ kì í fún ọwọ́ lágbára. Ohun tó ń mú un fúyẹ́ ni bí písítìn òkè, irin tó ń ti ọ́ìlì lẹ́bàá ọwọ́, ṣe tóbi sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ písítìn ìsàlẹ̀ tó ń ti apá kílọ́ọ̀ṣì lára ẹ́ńjìnnì. Ká ní ti òkè jẹ́ mílímítà 14, tí a wá pààrọ̀ rẹ̀ sí 12.7. Ojú písítìn náà á dín kù, agbára kan náà láti ọwọ́ mi á sì ti ti ìsàlẹ̀ pẹ̀lú nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún lé sí i. Ìyẹn dùn. Ṣùgbọ́n ibi tí písítìn ìsàlẹ̀ máa rìn dé á kúrú ní ìwọ̀n kan náà. Tó bá kúrú jù, àwọn pílétì inú kílọ́ọ̀ṣì tó ń so ẹ́ńjìnnì mọ́ jíà ò ní já ara wọn sílẹ̀ tán, máṣìn á máa wọ́ lọ síwájú nínú gò-slóò ní Geri Alimi, jíà á sì máa kọ̀ láti padà sí fríì. Ara ẹ́ńjìnnì tó ní sípíríǹgì tirẹ̀ ni wọ́n ti wọn písítìn tó wà nínú ọ̀rá yẹn, kì í ṣe CG. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé kí ẹ kàn gbé e sí i, ẹ bi í léèrè ìwọ̀n písítìn méjèèjì ná.

Mi ò bu háídírólíìkì kù o. Bí pílétì bá ṣe ń jẹ, ọ́ìlì á máa gba ihò kékeré kan padà sínú ike òkè, kílọ́ọ̀ṣì á máa tún ara rẹ̀ ṣe láìsí pé èèyàn fi sípánà kàn án. Kébù ò mọ ìyẹn ṣe. Ó máa ń nà, ọwọ́ èèyàn ló sì máa ń tún un ṣe kí ọwọ́ kílọ́ọ̀ṣì lè ní àyè mílímítà 10 sí 20 kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Páìpù ọ́ìlì kì í bínú sí kọ́nà, o lè tẹ̀ ẹ́ gba ibi tó wù ọ́. Fún ẹ́ńjìnnì ńlá tí sípíríǹgì rẹ̀ le, ó yẹ bẹ́ẹ̀: Honda fi sí VF750 ní 1982, wọ́n sì fi sí Gold Wing ní 1984. Síbẹ̀ Yamaha R1, pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀, kébù ló ń lò.

Ohun tó wá bá mi nínú jẹ́ ni ìtọ́jú rẹ̀. Ọ́ìlì bíréèkì DOT 4, tí irú kílọ́ọ̀ṣì bẹ́ẹ̀ sábà máa ń lò, máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra. Tó bá tuntun, ó kéré tán ooru 230 ní ìwọ̀n Sẹ́síọ̀sì kó tó hó. Tó bá ti mu omi, ó lè bọ́ sí 155. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń ní kí a dà á nù lẹ́yìn nǹkan bí ọdún méjì. Tó bá kán sára táǹkì, ọ̀dà á bó. Àwọn kílọ́ọ̀ṣì kan tún wà, bí Magura ti àwọn KTM àtijọ́, tó jẹ́ ọ́ìlì míì pátápátá ni wọ́n ń lò. Ẹni tó bá da DOT 4 sí wọn ti ba rọ́bà inú rẹ̀ jẹ́. Rọ́bà yẹn gan-an ló ń já mi láyà. Tó bá já ní Amóyọ̀ tàbí láàárín Ajasẹ́-Ìpo sí Òrò, ta ni mo fẹ́ bá níbẹ̀ tó ní irú rẹ̀? Àmọ́ kò sí ṣọ́ọ̀bù máṣìn lójú ọ̀nà yẹn tí kò fi kébù CG kọ́ sára ògiri, torí irú ẹ́ńjìnnì yìí kún inú àwọn máṣìn Ṣáínà pẹ̀lú.

Àwọn ẹnjiníà Honda ti ro irú ọ̀rọ̀ yìí kí CG tó bọ́ sọ́jà ní 1976. Fún ilẹ̀ bíi tiwa ni wọ́n ṣe é, níbi tí onímáṣìn lè má ráyè pààrọ̀ ọ́ìlì lásìkò. Wọ́n yọ káàmù, irin tó ń ṣí fáàfù, tó ń wà lórí ẹ́ńjìnnì kúrò, wọ́n fi ọ̀pá irin tó ń ti fáàfù rọ́pò rẹ̀ kó lè fara da ìyà. Inú mi máa ń dùn sí ọgbọ́n yẹn, ó sì ń ṣe mí bíi pé kò yẹ kí n gbé ohun ẹlẹ́gẹ́ lé e lórí.

Lọ́sàn-án òní, kí n tó fẹnu kò pẹ̀lú ọkàn mi, mo tú kébù lókè àti nísàlẹ̀. Mo fi páyà di ìdí wáyà mú, mo sì fà á nígbà tó gùn gbọnrangandan nílẹ̀. Ó yọ̀ lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Mo dá a padà sára máṣìn, mo yí hándù sí ọ̀tún, mo tún fà á: ó há, ó ń ké kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ mi. Ẹ̀yìn iná iwájú ni wàhálà wà. Hándù tuntun ti gbé kébù sókè débi tó fi ká bìrí síbẹ̀. Mo fi ìka wo etí bọ́ọ̀lù kékeré tó wà lẹ́nu wáyà lókè, irun wáyà mélòó kan ti já, wọ́n ń gún èèyàn. Apá kílọ́ọ̀ṣì lára ẹ́ńjìnnì ńkọ́? Mo fi ọwọ́ tì í lásán, kò le ju bó ṣe yẹ lọ, pẹ̀lú sípíríǹgì tuntun náà. Kébù ló ń jẹ agbára mi.

Ọmọ iṣẹ́ ọ̀gá lọ ra èyí tó gùn jù ú lọ. A gbà á lápá kejì iná iwájú kó lè tẹ̀ gbẹ̀ẹ́rẹ́, a so ọ̀rá kékeré mọ́ ẹnu rẹ̀, a da ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì díẹ̀ sí i, a sì fi í sílẹ̀ títí ó fi kán jáde nísàlẹ̀. Gíríìsì ni ọmọ náà fẹ́ fi sí i, mo ní rárá. Eruku ọyẹ́ á lẹ̀ mọ́ ọn, á sì di yẹ̀pẹ̀ tó ń ha wáyà. Ọ̀gá dábàá pé kí wẹ́dà jó irin mọ́ apá tó wà lára ẹ́ńjìnnì kó lè gùn sí i, kó sì tún fúyẹ́ sí i. Ìṣirò písítìn náà la tún padà sí yẹn: yóò fúyẹ́, pílétì ò sì ní já tán. A fi í sílẹ̀.

Mo gùn ún lọ sí Ganmọ, mo sì padà. Ìka méjì tó o. Kì í ṣe ìka kan tí ọ̀gá ṣèlérí, ṣùgbọ́n ìgúnpá mi ò sọ ohunkóhun. A ti di kébù kejì mọ́ ẹ̀gbẹ́ èyí tó ń ṣiṣẹ́, a fi téèpù dí ẹnu rẹ̀ méjèèjì, kó jẹ́ pé tí ti àkọ́kọ́ bá já, àtisọ ọ́ nìkan ló kù.

Ọ̀gá ò tíì gbà fún mi tán. Ó ní ọjọ́ tí mo bá gbé ẹ́ńjìnnì 200 sínú férémù yìí, èmi náà á wá béèrè ọ̀rá òun. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Tó bá di ọjọ́ náà, a ó kọ́kọ́ wọn písítìn.