Alert Kì Í Ṣe Owó: Bí Wọ́n Ṣe Gbé Máṣíìnì Mi Lọ Lójú Mi

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé tí mo ta máṣíìnì ìránṣọ mi fún ẹni tí mo pàdé lórí Facebook. Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, n kò rí kọ́bọ̀ gbà. Ẹ̀yin tí ẹ ń tajà bíi tèmi ni mo ń bá sọ̀rọ̀, ẹ̀yin tí ẹ ń ya fọ́tò fíríìjì, fóònù, bàtà tí kò gba ọmọ yín mọ́, tí ẹ ń gbé e sórí ayélujára, tí ẹni tí ẹ kò mọ̀ rí á sì bi yín pé, "Èló ni jálẹ̀?" Wọ́n ní ẹyẹ kì í sọ fún ẹyẹ pé òkò ń bọ̀. Èmi á sọ. Òkò ti bà mí, ojú ibẹ̀ kò sì tíì jinná.

Télọ̀ ni mí, Àpáta ní Ìbàdàn ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Máṣíìnì méjì ni mo ní. Ọ̀kan ni ẹlẹ́sẹ̀ tí mo fi kọ́ṣẹ́, èkejì ni industrial, èyí tó ní tábìlì tirẹ̀ àti mọ́tò lábẹ́. Ọdún 2019 ni mo rà á ní 78,000 náírà, owó àjọ ni mo kó tí mo fi rà á. Nígbà tí onílé fi owó lé owó ṣọ́ọ̀bù lọ́dún yìí, tí kò sì gbẹ̀bẹ̀, mo ní kí n ta industrial yẹn, kí n fi san owó ṣọ́ọ̀bù, kí n máa fi ẹlẹ́sẹ̀ rọ́ ọ títí Ọlọ́run á fi la ọ̀nà. Mo ya fọ́tò rẹ̀, mo kọ 200,000 náírà síbẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ló béèrè, wọn kò padà. Ọ̀kan wá kọ̀wé sí mi ní Yorùbá tó já gaara: "Ẹ káàárọ̀ mà, ẹ kú iṣẹ́ ajé. Ìyàwó mi ló fẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù." Ó bi mí bóyá mọ́tò clutch ni tàbí servo. Ó ní kí n ya abẹ́ tábìlì ránṣẹ́ sí òun. Ẹni tí kò mọ máṣíìnì kò lè béèrè bẹ́ẹ̀. Ó wá ń ná an. Ó ní 150,000, mo kọ̀. Ó ní 170,000. Ọjọ́ méjì la fi ná an kó tó dúró sí 185,000. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ibí yìí sọ́kàn, torí ọjà tó ń ná yẹn gan-an ló mú kí ọkàn mi balẹ̀. Mo ní ẹni tó fẹ́ jalè, kí ló ń ná ọjà fún? Àṣé wọ́n mọ̀ pé ohun tí a máa rò nìyẹn.

Aago mọ́kànlá àárọ̀ Sátidé ni a fi àdéhùn sí. Ó ní mọ́tò òun bàjẹ́ lọ́nà. Ó tún ní òun ń bọ̀ ní aago méjì. Ìgbà tó dé, aago mẹ́fà ààbọ̀ ti lù, ilẹ̀ ti ń ṣú, kò sí iná. Òun àti ọmọkùnrin kan ni wọ́n jọ wá nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún mi. Mo tan jẹnẹrétọ̀, ó jókòó sídìí máṣíìnì, ó rán àkísà kan wò, ó ní ó dára. Lẹ́yìn náà ló gba nọ́ńbà àkáǹtì mi, ó wá ní, "Mummy, orúkọ wo ló wà lórí ẹ̀? Ẹ bá mi pe lẹ́tà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan." Mo pè é.

Ó yí ojú fóònù rẹ̀ sí mi. Mo rí orúkọ mi, mo rí 185,000, mo rí àmì aláwọ̀ ewé pé owó ti lọ. Kò tó ìṣẹ́jú kan, fóònù tèmi náà dún. Orúkọ báńkì mi ló wà lókè ọ̀rọ̀ náà. Abẹ́ àwọn alert tí wọ́n ti ń fi ránṣẹ́ sí mi láti ọdún mélòó kan ló jókòó sí, kò dá wà níbi tó ṣàjèjì. Mo ní, "Ó ti wọlé o!" Èmi fúnra mi ni mo bá wọn di ẹsẹ̀ tábìlì mú tí wọ́n fi gbé e sínú Márúwá. Oníbàárà náà tẹríba, ó ní, "Mummy, ẹ ṣàdúrà fún wa." Mo gbé ọwọ́ lé e lórí, mo ní ajé á wọ ilé rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ kò ní fi máṣíìnì yẹn ránṣọ ẹkún. Mo sọ gbogbo ìyẹn. Wọ́n ṣe àmín. Wọ́n lọ.

Mo ti ṣọ́ọ̀bù, mo lọ sí ìdí POS tó wà ní oríta láti gba 30,000 náírà, kí n lè ra oúnjẹ sílé kí n sì fún onílé ní díẹ̀ nínú owó rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Ọmọbìnrin ìdí POS fi káàdì mi sí i. Pépà jáde. Ó wò ó, ó ní, "Mummy, owó yín kò tó." Mo ní kó tún un ṣe, pé ìsinsìnyí ni owó wọlé. Ó tún un ṣe. Ó ní kò tó. Mo ní bóyá nẹ́tíwọ̀kì ni. Mo fi fóònù hàn án, mo ní ṣó o rí i, alert rèé. Ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó kà á, kò sọ̀rọ̀. Ó wá ní kí n jẹ́ kí òun bá mi wo iye tó wà nínú àkáǹtì. Pépà tún jáde. 4,260 náírà. Iye tó wà níbẹ̀ láti àárọ̀ nìyẹn.

N kò lè ṣàlàyé bí ara mi ṣe rí. Etí mi ń dún. Mo sáré bọ́ sí títì, bí ẹni pé Márúwá yẹn ṣì máa dúró síbẹ̀. Mo pe nọ́ńbà rẹ̀, ó dún, ó já a. Mo tún pè é, wọ́n ti pa fóònù. Mo wá ojú-ewé rẹ̀ lórí Facebook, n kò rí i mọ́. Mo padà sídìí POS, torí káàdì mi ṣì wà lọ́wọ́ ọmọ yẹn, ẹsẹ̀ mi kò sì gbé mi mọ́. Ó fún mi láyè láti jókòó lórí bẹ́ǹṣì rẹ̀, ó ra omi pure water kan, ó là á fún mi. Ó ní, "Ẹ wò ó, Mummy," ó sì tọ́ka sí ìsàlẹ̀ alert náà, níbi tí wọ́n kọ iye tó kù sí. Wọ́n kọ 212,730 síbẹ̀. 4,260 pẹ̀lú 185,000, iye tó yẹ kó jẹ́ ni 189,260. Ẹni tó kọ alert yẹn kò mọ iye tó wà nínú àkáǹtì mi, ó kàn fi nọ́ńbà sí i. Ọmọ tí kò tó ọmọ ogún ọdún rí i láàárín ìṣẹ́jú kan. Èmi tí mo ń wọn aṣọ lójoojúmọ́, tí n kì í ṣi ìwọ̀n ẹni kankan, n kò wo ìsàlẹ̀. 185,000 nìkan ni ojú mi rí.

Alẹ́ ọjọ́ náà n kò lè sọ fún ọkọ mi. Mo padà sí ṣọ́ọ̀bù, mo tan fìtílà fóònù, mo ń wo ibi tí máṣíìnì ń wà tẹ́lẹ̀. Òróró tó ti ń kán sílẹ̀ láti 2019 ti ya àmì dúdú sórí sìmẹ́ǹtì. Aṣọ ẹbí ènìyàn mẹ́sàn-án wà lórí ìkọ́ tí n kò tíì rán. Àfi ìgbà tí ilẹ̀ mọ́ ni mo tó lè sọ ọ́.

Ní Mọ́ńdè mo lọ sí báńkì. Òṣìṣẹ́ tó dá mi lóhùn kò pariwo mọ́ mi, mo dúpẹ́ fún ìyẹn. Ó ní owó kankan kò wọlé, àwọn kọ́ ló fi ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́. Ó ní orúkọ tó máa ń wà lókè ọ̀rọ̀ alert, àwọn oníjìbìtì lè fi orúkọ báńkì kan náà síbẹ̀, fóònù á sì kó o pọ̀ mọ́ ti tẹ́lẹ̀ torí orúkọ ló ń wò. Mo kọ ìwé ẹ̀sùn ní àgọ́ ọlọ́pàá. Wọ́n ní àwọn á pè mí. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin yá mi ní 100,000, mo fi ra tòkunbọ̀ kan, aṣọ ẹbí ti jáde, onílé sì ti fún mi láyè di ìparí oṣù. Ibi tí mo dé nìyẹn.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ni pé alert kì í ṣe owó. Lẹ́tà ni. Ẹnikẹ́ni lè kọ lẹ́tà. Fọ́tò rìsíìtì tí wọ́n fi hàn yín lójú fóònù wọn náà kì í ṣe owó, àwọn áàpù ayédèrú wà tó jọ ti báńkì, tí iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n ya irú fọ́tò bẹ́ẹ̀. Owó ni èyí tí ẹ̀yin fúnra yín ṣí áàpù yín, tàbí tí ẹ tẹ kóòdù báńkì yín, tí ẹ rí i pé iye tó wà níbẹ̀ ti gòkè. Bí ẹ kò bá ní áàpù, ẹ mú káàdì lọ sídìí POS kí ọjà tó kúrò ní iwájú yín. Ọgọ́rùn-ún náírà tàbí igba tí wọ́n máa gbà lọ́wọ́ yín, ẹ fún wọn.

Nípa orúkọ tó ní kí n pe lẹ́tà rẹ̀, ẹ̀yin náà ti fi owó ránṣẹ́ rí. Bí a bá ti tẹ nọ́ńbà àkáǹtì, tí a sì mú báńkì, orúkọ ẹni náà ló máa yọ jáde fúnra rẹ̀. Kí ló wá ń bi mí fún? Áàpù ayédèrú tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò lè bá báńkì sọ̀rọ̀, ọwọ́ ló fi ń kọ orúkọ mi sí i. Bí oníbàárà bá ní kí ẹ pe lẹ́tà orúkọ àkáǹtì yín, ẹ máa wò ó dáadáa.

Ẹ tún wo àkókò tó wá. Gbogbo mọ́tò tó bàjẹ́ yẹn, kò sí mọ́tò kankan tó bàjẹ́. Ó fẹ́ dé nígbà tí báńkì ti pa, tí ilẹ̀ ti ń ṣú, tí ara mi ti ń kánjú. Ọjà tó bá lówó lórí, ẹ jẹ́ kí ẹni náà wá lọ́sàn-án, láàárín ọ̀sẹ̀, bó bá ṣeé ṣe kó jẹ́ inú ọgbà báńkì ni ẹ máa pàdé sí. Mo mọ̀ pé èèyàn kò lè gbé tábìlì máṣíìnì lọ sí báńkì. Ṣùgbọ́n ó lè san owó lọ́hùn-ún kó tó wá gbé ọjà.

Àwọn kan ti sọ fún mi pé ojúkòkòrò ló fà á. Rárá o. Ojúkòkòrò kọ́ ni kéèyàn ta ohun tó ní láti san gbèsè tó jẹ. N kò sì tà á ju iye rẹ̀ lọ, mo tilẹ̀ yọ 15,000 fún un. Àwọn kan ní ó yẹ kí n fura nígbà tí wọ́n ń ṣe wàdùwàdù. Wọn kò ṣe wàdùwàdù. Wọ́n fara balẹ̀, wọ́n gba àdúrà. Ohun tí ó mú mi ni pé gbogbo wa ti kọ́ láti gba "nẹ́tíwọ̀kì ni" gbọ́. Ẹ rántí ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, nígbà tí owó tuntun di ọ̀wọ́n, tí a ń fi owó ránṣẹ́ fún ara wa tí kì í dé di ọjọ́ kejì. Ìgbà yẹn ni a bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọjà sílẹ̀ lórí ìlérí. Owó táwọn báńkì ń fi ránṣẹ́ síra wọn, ìṣẹ́jú àáyá ló yẹ kó gbà. Bó bá pẹ́, kí ọjà náà pẹ́ lọ́wọ́ yín.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe pàṣípààrọ̀ fóònù, ti yín tún léwu ju tèmi lọ, torí ọjà olè ni wọ́n lè gbé lé yín lọ́wọ́. Ẹ tẹ *#06# kí nọ́ńbà ìdánimọ̀ fóònù náà (IMEI, kì í ṣe nọ́ńbà tí a fi ń pè é) yọ, kí ẹ fi wé ti orí páálí àti rìsíìtì. Ẹ rí i pé ẹni tí ẹ jọ ń ṣe pàṣípààrọ̀ ti yọ àkáǹtì tirẹ̀ (ti Google tàbí iCloud, kì í ṣe ti báńkì) kúrò lórí fóònù náà níṣojú yín. Bí ẹ bá sì ní láti fún un ní owó lé e, ẹ má fi ránṣẹ́ kí ẹ tó rí ọjà sójú. Àbúrò mi san owó àsansílẹ̀ fún bàtà tí kò rí títí dòní, ó kéré sí tèmi, ṣùgbọ́n ó ṣì ń dùn ún.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún jẹ́ kí n sọ ọ́: bí alert bá wọlé, ẹ má pariwo bí mo ṣe pariwo. Ẹ ṣí àkáǹtì.

Ní Tọ́sìdeè tó kọjá, mo ta fáànù onídùúró kan ní 18,000. Ọmọkùnrin kan láti Mólété ló wá rà á, lọ́sàn-án gangan. Ó fi owó ránṣẹ́, alert wọlé, mo ṣí áàpù, kò sí níbẹ̀. Mo ní kó jókòó. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n la fi jókòó. Ó pòṣé, ó ní, "Mummy, ṣé olè ni mo jọ ni?" Mo ní kò jọ ọ́, ẹni tó gbé máṣíìnì mi náà kò jọ ọ́. Mo fún un ní omi tútù, mo sọ ìtàn yìí fún un bí mo ṣe ń sọ ọ́ fún yín. Ó dákẹ́. Nígbà tí owó náà yọ nínú àkáǹtì mi, 18,000 lórí iye tó wà níbẹ̀, mo ṣírò rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, mo bá a gbé fáànù náà dé ìdí ọ̀kadà.